Ọjọ́ méje létí Odò Ọya

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n sọ ibi tá a dé, àwọn kan tiẹ̀ ti pe ìyá mi nílé pé ṣé kò sí. Kò sí nǹkankan o, ẹ má bínú. A ò tíì dé Mokwa, ìlú tó kàn lójú ọ̀nà wa, ni. Jẹ́bà la ṣì wà, ọjọ́ keje rèé, orúnkún mi òsì ló wú, nọ́ọ̀sì sì ní mi ò gbọdọ̀ fi rin ọ̀nà jíjìn kankan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, èmi àti àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, là ń fẹsẹ̀ rìn láti Èkó lọ sí Abújá. Ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ la gbà, Agége, Ọ̀tà, Ifọ̀, a dé Abẹ́òkúta, a já sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, a wá forí lé Jẹ́bà. Gbogbo ẹ̀ ti lé ní 400 kìlómítà. Ojúmọmọ nìkan la máa ń rìn, ibikíbi tí àwọn ará àdúgbò bá sì ti ní ká má fẹsẹ̀ gbà, a kì í jiyàn, ọkọ̀ la máa ń wọ̀ kọjá ibẹ̀, torí kò sí ìrìn tó tó kéèyàn fi ẹ̀mí ẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn Bódé Sáádù ni orúnkún yẹn bẹ̀rẹ̀. Apá òsì títì la máa ń rìn kójú wa lè máa wo tírélà tó ń bọ̀, àmọ́ etí títì kì í tẹ́jú, ó máa ń dagun lọ sínú gọ́tà, ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa tẹ ibi tó ga, tòsì á máa tẹ ibi tó rẹlẹ̀, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé ó rẹ̀ mí lásán ni. Ọjọ́ kejì mo ń fi ọwọ́ gbé itan mi kí n tó lè gun òkè kékeré. Nígbà tá a fi máa rí omi Ọya lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún ti wú bí ẹ̀bà tí wọ́n rọ kalẹ̀, mi ò lè ká a, mi ò lè nà án.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ sin ìjọba ló gbà wá sílé. Tápà ni wọ́n, wọ́n gbé Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yorùbá wọn já geere ju tèmi lọ, ẹja ni wọ́n ń tà. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé alẹ́ ọjọ́ kan péré la máa sùn. Ìgbà tí wọ́n rí bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, wọn ò tiẹ̀ kí mi tán tí wọ́n fi ní, "Ẹ gbé báàgì yín sínú yàrá yẹn, ilé yín lẹ wà." Mo ní, "Màmá, a ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu." Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé ẹnu ń yọ wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn parí sí nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé dídúró náà níṣẹ́ tiẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dára, mo sùn bí òkú. Ọjọ́ kejì, aago márùn-ún àárọ̀ ni ojú mi là, ara mi ti múra tán, ó ń wá báàgì, ó ń wá bàtà, ọkàn ń lù kì kì kì, kò sì sí ibi tí mò ń lọ. Irú ebi tó máa ń pa mí nígbà tá a bá rin kìlómítà ogún ni ebi tó ń pa mí bí mo ṣe jókòó sórí àpótí. Ẹsẹ̀ tí kò wú jù lójú ọ̀nà wá wú nílé, méjèèjì, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, sílípáàsì Màmá ni mò ń wọ̀ káàkiri àgbàlá. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni, pé tí ara bá rí i pé ogun ti dáwọ́ dúró ló máa ń jẹ́wọ́ ibi tí ọta ti bà á.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbí rèé. Wọ́n á pe ìrun, Màmá á dìde, wọ́n á kírun tán, wọ́n á gbálẹ̀ àgbàlá látẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò. Ọyẹ́ ti dé, òwúrọ̀ tutù, ekuru bo orí odò débi pé o ò ní rí òdìkejì. Mo máa ń jókòó ti iná, àbúrò mi á bá mi gbé omi kaná, a ó da iyọ̀ sí i, màá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí tó fi máa tutù. Lẹ́yìn náà, òrí. Òrí tí Màmá ní nínú igbá kan báyìí, ó ti pọ́n, ó ń rùn díẹ̀, wọ́n ní tuntun ò dáa tó o. Ibi tí awọ ẹsẹ̀ mi ti gbé sókè tí omi ti kún inú ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbẹ pátápátá, awọ tuntun abẹ́ ẹ̀ pupa, ó sì rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

Tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, ẹja á dé. Àwọn ọmọ tó ń gbé e wá á ru bàsíà wọlé, ẹja àrọ̀ ló pọ̀ jù, ẹ̀pìyà náà máa ń wà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún èmi tí mi ò lè dìde dúró ni kíká ẹja. Ẹ ti rí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ká róbótó lọ́jà àbí? Mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, mi ò bi ara mi rí pé báwo ni wọ́n ṣe ká a. Wọ́n á fi iyọ̀ bọ̀ ọ́ kí yíyọ̀ ẹ̀ lè kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá mú ìrù ẹ̀ wá síbi ẹnu, wọ́n á fi igi tín-ínrín gún un pa pọ̀. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Tí ẹ bá fi agbára ká a, ẹ̀yìn ẹ̀ á ya. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látòkè lọ sísàlẹ̀, títí tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ tó bá dẹ̀, ó máa ń dẹ̀ lójijì, ìgbà yẹn lẹ máa tó ká a. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo ká, gbogbo ẹ̀ ló ya, Màmá kó wọn sọ́tọ̀, wọ́n ní èyí tá a máa fi sebẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún mo ká ogójì láìya ọ̀kan.

Orí dúróòmù tí wọ́n gé sí méjì ni wọ́n ti ń yan án, nẹ́ẹ̀tì onírin lókè, iná nísàlẹ̀. Iná yẹn ò gbọdọ̀ jó. Èéfín àti ooru ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ọwọ́ iná. Tí ọ̀rá ẹja bá kán sórí ẹyin iná tó bá gbaná, Màmá á ti sáré débẹ̀, wọ́n á fi eérú bò ó. Wọ́n á yí ẹja, wọ́n á tún yí i, wọ́n á kó tòkè sísàlẹ̀, títí di alẹ́, wọ́n á fi páálí bò ó kó sùn síbẹ̀. Aṣọ mi, irun mi, ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí, gbogbo ẹ̀ ló ń rùn ẹja, mo sì fẹ́ràn ẹ̀.

Mo bi Màmá pé ṣé ẹja ṣì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ọmọdé làwọn nígbà tí wọ́n dí odò lókè lọ́hùn-ún, Kàǹjì nìyẹn, 1968, wọ́n ní látìgbà náà ni omi ò ti mọ àsìkò ẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó ní oṣù tó máa kún, á ya wọ inú ẹrẹ̀ àti koríko etídò, ibẹ̀ lẹja ti máa ń yé, tó bá wá fà padà àwọn èèyàn á kó ẹja bí ẹni ń kó àgbàdo. Nígbà tó tún di 1985 wọ́n tún ṣí tiwa ti Jẹ́bà níbí. Wọ́n ní iná ló ń lọ sí ìlú yín yẹn, ẹja wa ló ń san owó ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún eérú, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi tí mo dàgbà ní Èkó, mi ò bi ara mi rí pé kí ni gílóòbù yàrá mi ń ná ẹlòmíì.

Àbúrò mi ni dídúró yìí kọ́kọ́ le jù fún. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ dá ṣáká, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ sì ń lọ, ọjọ́ kẹta ló sọ ọ́ jáde pé ká wọkọ̀ lọ Bídà ká máa bá ìrìn lọ látibẹ̀. Mo bínú, mo ní kó máa lọ kó fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo lágbàlá onílé, títí Màmá fi yọjú, wọn ò bá ẹnì kankan wí, wọ́n kàn gbé garawa fún un pé kó bá wọn lọ pọnmi. Kò sọ ọ́ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó ti wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, àárọ̀ ọjọ́ kejì apẹja kan ti mú un wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo àwọ̀n. Ó padà dé, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti bó látara àjẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Èmi náà tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀, torí ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀ ò dáa.

Mo ní láti sọ ti ṣúmékà. Bàtà mi ti ń ṣí nísàlẹ̀, àbúrò mi ló gbé e lọ bá bàbá kan tó ń jókòó lẹ́bàá ọjà, èmi náà fi igi ta dọ́gọ̀dọ́gọ̀ tẹ̀lé e ní ọjọ́ kẹrin. Bàbá yẹn ò tíì bi mí ní nǹkankan. Ó gbé bàtà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí itan ẹ̀, ó yí wọn padà, ó fi ọmọ ìka ẹ̀ tọ gìgísẹ̀ tòsì yípo, ó wojú mi, ó ní, "Orúnkún òsì ló ń dùn yín." Ara mi bù máṣọ. Ó fi hàn mí, apá kan gìgísẹ̀ yẹn ti jẹ tán pátápátá, àfi bíi pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, apá kejì ṣì nípọn. Ó gé táyà, ó gbẹ́ ẹ láti fi dí ibi tó jẹ, ó lẹ̀ ẹ́, ó rán an, ó kan án, ó ní kí n dìde dúró, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀, ó fi ojú kan wò ó lábẹ́ bóyá ó ti tẹ́. Kò tíì tẹ́, ó tún gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi kéré débi pé ojú tì mí, mo fi kún un, ó kọ̀, mo fi síbẹ̀ mo sá.

Ó ku ohun tó ń gbé mi lọ́kàn jù. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti mọ̀ pé Àjàyí Crowther ti há síbí rí, àmọ́ kíkà ọ̀tọ̀, kéèyàn náà há síbẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní 1857 ni, òun àti ikọ̀ Baikie, òyìnbó dókítà tó ń ṣàwárí odò yìí, ń wa ọkọ̀ tó ń jẹ́ Dayspring gòkè Ọya. Wọ́n ti dúró ní Ọ̀níṣà lọ́nà, wọ́n ti fi àlùfáà kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ. Oṣù October, ní agbègbè Jẹ́bà yìí gan-an, omi gbé ọkọ̀ lọ gbá àpáta, ó tán. Wọ́n pàgọ́ sí etídò. Bí ọdún kan ló tó kí ọkọ̀ mìíràn tó lè gòkè wá bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Glover, gba orí ilẹ̀ lọ Èkó lọ wá ìrànlọ́wọ́, òun náà ni ẹni tó wá ṣe gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, tí àwọn àgbà Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà.

Ohun tó dá mi dúró ni pé Crowther ò fi àsìkò yẹn ṣòfò. Ó wà láàárín àwọn Tápà, ní Rabba àti àyíká ẹ̀, ó ń gbọ́ èdè wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1859 ó gba orí ilẹ̀, ó gba Ìlọrin padà sí Abẹ́òkúta, ìyẹn ni pé èmi gòkè wá, òun sọ̀kalẹ̀ lọ. Ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Nupe, ìyẹn èdè Tápà, tó kọ jáde. Ọmọkùnrin Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè tiwa sílẹ̀, òun náà ló tún jókòó ti aládùúgbò wa tó ń bi í pé kí lẹ ń pe èyí.

Mo ka ìyẹn nílé, ó dùn mọ́ mi lásán. Àmọ́ níbí, tí mo jókòó lórí àpótí tí mi ò lè lọ síbì kan, ó wá yé mi bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọmọ Màmá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni olùkọ́ tèmi. Ó máa ń wá jókòó tì mí tó bá ti iléèwé dé. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe omi, ó ní nuwan. Mo nawọ́ sí odò, mo ní èyí náà ńkọ́, ó wojú mi bíi pé mi ò gbọ́n, ó ní Edu ni. Àwa ń pè é ní Ọya, a ní ìyàwó Ṣàngó ló di odò, Ṣàngó yẹn náà sì rèé, àwọn àgbà wa ní obìnrin Tápà ló bí i. Odò kan, àwọn ní Edu, a ní Ọya, a ti jọ ń mu ún láti ayé báyé.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní òǹkà. Nini, guba, guta. Mo ní kó tún un sọ. Guta. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ẹ̀ta wa ló wà nínú ẹ̀ yẹn! Mo pariwo débi pé Màmá sáré jáde wá wò bóyá iná ti jó mi. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látọjọ́ pẹ́, àwọn rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni mo ti kọ báyìí nínú ìwé mi, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ẹja, orúkọ afẹ́fẹ́, mi ò ní kọ wọn síbí títí Màmá fi máa bá mi yẹ̀ wọ́n wò, kí n má baà kọ ìkọkúkọ nípa èdè onílé. Tí orúnkún mi ò bá wú ni, alẹ́ ọjọ́ kan là bá sùn, à bá dìde láàárọ̀, à bá gba orí afárá kọjá, màá sì máa sọ fún yín pé mo ti dé Jẹ́bà.

Afárá, mo ti débẹ̀ lónìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n dán ẹsẹ̀ wò kí n tó sọ pé mo fẹ́ lọ. Láàárọ̀ a rọra rìn lọ síbi tá a ti lè rí afárá rélùwéè dáadáa, èyí tí wọ́n parí ní 1916. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Jẹ́bà láti 1909, ọdún méje gbáko ló fi jẹ́ pé orí omi ni wọ́n ń gbé e kọjá kí afárá tó parí. Irin dúdú yẹn ta kọjá orí omi, ó gba orí erékùṣù, ó tún ta lọ sódì kejì, ọyẹ́ bo ìdajì ẹ̀. Apẹja kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa àwọ̀n, a ń wò ó, kò yára, kò sì dúró. Mo rin kìlómítà mẹ́rin ní àlọ àti àbọ̀. Orúnkún ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kò pariwo. Mo ká a ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó ká.

Ọ̀la la máa lọ. Ọjọ́ méjì la máa fi dé Mokwa, a ò ní fi kánjú. Nígbà tí mo dárúkọ Mokwa lálẹ́ àná, Màmá mirí, wọ́n ní àwọn ní èèyàn níbẹ̀ tí omi gbé lọ lóṣù May 2025, àbúrò wọn kan àti àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n ní tá a bá débẹ̀ ká kí àwọn tó kù fún wọn. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà fóònù àti ẹja.

Ẹja yẹn wà lórí báàgì báyìí, nínú bébà sìmẹ́ǹtì, àrọ̀ mẹ́wàá, èmi ni mo ká mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Màmá ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí a fi máa dé Mokwa, pé tiwọn ni márùn-ún níbẹ̀, tiwa ni ìyókù. Ọmọ ọmọ wọn ti ní òun máa sìn wá dé ẹsẹ̀ afárá. Ó ti ń sùn, bàtà iléèwé ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ ó gbọ́ mi tá a bá dé ọ̀hún.